Bí A Ṣe Ń Kọ́ Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Fún Ìrìn Ojoojúmọ́: Ẹ Kọ́ Dídúró Kí Ẹ Tó Kọ́ Lílọ

Kẹ̀kẹ́ tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí ni kẹ̀kẹ́ oníjókòó kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó ń fi iná bátìrì rìn, tí a sì ṣe fún ẹni tó ṣì lè dìde dúró kí ó sì rin ìṣísẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n tí ìrìn tó bá gùn díẹ̀ ti di ìnira fún, yálà nítorí oríkèé ríro, àìlera ọkàn, èémí tó ń tètè tán, àrùn iṣan tàbí ọjọ́ ogbó. Kì í ṣe alùpùpù, kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ arọ. Ní ọdún 1968 ni Allan Thieme, ará ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ará ilé rẹ̀ kan tí àrùn iṣan kò jẹ́ kí ó rìn dáadáa mọ́, èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò sì tíì yí padà: kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà mọ́ lè máa bá ìgbòkègbodò rẹ̀ lọ láìdúró de ẹni tí yóò gbé e.

Bí ènìyàn bá jókòó lórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ó sábà máa ń fẹ́ mọ̀ ni bí yóò ṣe gbéra. Ìyẹn kò le rárá: ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ó tẹ nǹkan kan, ó ti lọ nìyẹn. Ibòmíràn ni àwọn ènìyàn ti ń fara pa, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gùn ún tàbí tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, tí wọ́n wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí tí wọ́n dé etí títì tó ga. Ìbéèrè kan náà ló sì wà nídìí gbogbo rẹ̀, pé ṣé ẹni tó ń wà á mọ bí a ṣe ń dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí lọ́nà tí dídúró yóò fi ṣáájú lílọ.

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá

Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lè na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún àkókò pípẹ́, kí ó lè jókòó ṣánṣán láìṣubú sí ẹ̀gbẹ́, kí ojú rẹ̀ ríran débi tí yóò fi rí kòtò kékeré níwájú, kí ọrùn rẹ̀ sì lè yí débi tí yóò fi rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n tàbí tí kò lágbára mọ́, kẹ̀kẹ́ arọ oníná, èyí tí à ń fi igi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ darí, lè yẹ yín jù ú lọ, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá oògùn tí ẹ̀ ń lò máa ń mú oorun tàbí òòyì wá. Ọtí àti kẹ̀kẹ́ yìí kò gbọdọ̀ pàdé, bí ó ti wù kí ìrìn náà kúrú tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta a máa yí po ní ibi tóóró, ó sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dojú dé bí a bá fi eré yà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dúró dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó nílò àyè púpọ̀ kí ó tó lè yí. Àwọn kékeré tí a lè tú palẹ̀ sínú ọkọ̀ kì í sábà kọjá kìlómítà 6 sí 8 ní wákàtí kan, èyí tó fi díẹ̀ ju ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ lọ, táyà wọn kéré, wọn kò sì ṣe é lò ní ojú ọ̀nà jágajàga. Àwọn ńlá ń gba ojú ọ̀nà tí kò dára, wọ́n sì ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ gbogbo ẹnu ọ̀nà. Lójú tèmi, ẹni tó ń ra èyí tó yára jù nítorí pé owó rẹ̀ gbé e ń ra ohun tí kò ní í lò, nítorí pé àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò ti lo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára kẹ̀kẹ́ pé ó lè gbé: ara yín, aṣọ yín àti ẹrù inú apẹ̀rẹ̀ ni ìwọ̀n náà kó pọ̀, kì í ṣe ara yín nìkan.

Ẹ jókòó tì í nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò tíì sí lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí hándù ni ẹ ó ti rí tọ́rọ́tù, irin pẹlẹbẹ tó yọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, iwájú ni yóò lọ, bí ó bá sì jẹ́ ti òsì, yóò fi ẹ̀yìn rìn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí a lè pààrọ̀ wọn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò lágbára, nítorí náà ẹ yẹ ti yín wò. Bọ́tìnnì róbótó kan wà tí à ń yí láti fi díwọ̀n eré. Wọ́n sábà máa ń ya àwòrán ìjàpá sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ àti ti ehoro sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Họ́ọ̀nù wà níbẹ̀, àti ohun tó ń fi bí iná bátìrì ṣe kù hàn. Lábẹ́ ìjókòó ni irin tí à ń fà kí àga lè yí sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ni ọ̀pá kékeré kan wà tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ sí fíríì kí a lè fi ọwọ́ tì í. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀pá yìí dáadáa, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti wà ní fíríì, kò ní bíréèkì kankan mọ́. A kì í fi í sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a kì í sì í fi í sí i nígbà tí ènìyàn bá jókòó lórí rẹ̀.

Gígùn àti sísọ̀ kalẹ̀

Òfin kan ló ṣe pàtàkì jù lọ níbí: ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ tàbí kí ẹ pa iná kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti rí. Ẹni tó fẹ́ dìde a máa wá ohun tí yóò dì mú, ohun tó sì sún mọ́ ọn jù ni hándù, ibẹ̀ gan-an sì ni tọ́rọ́tù wà. Bí iná bá wà nílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àpò aṣọ tó kàn án lásán ti tó láti mú kẹ̀kẹ́ gbéra nígbà tí ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí èkejì sì wà lókè.

Bí a ṣe ń gùn ún nìyí. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ yí àga kí ó kọjú sí yín, kí ẹ sì gbọ́ ìgbà tí yóò ró pé ó ti wọlé. Àga tí kò wọlé dáadáa lè yí mọ́ ènìyàn nídìí nígbà tó bá ń jókòó. Ẹ gbé ibi ìfàpálé tó wà lọ́dọ̀ yín sókè, ẹ kọ ẹ̀yìn sí àga títí itan yín yóò fi kàn án, ẹ fi ọwọ́ kan wá àga náà lẹ́yìn, kí ẹ sì rọra jókòó. Nígbà tí ìdí yín bá ti wọlé dé ẹ̀yìn ni kí ẹ tó kó ẹsẹ̀ wọlé, kí ẹ yí àga síwájú, kí ó tún ró, kí ẹ sì dá ibi ìfàpálé padà. Ẹni tí ó bá ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀ yóò ti fi í sí ibi tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn àga kí ó tó kó ẹsẹ̀ wọlé, kì í ṣe lórí itan, nítorí ó lè yọ́ lọ há sí táyà. Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni kọ́kọ́rọ́ ń wọlé.

Ẹ tún ṣe àtúnṣe ọ̀pá hándù kí ó sún mọ́ yín débi tí ìgbọ̀nwọ́ yín yóò fi tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ń na ọwọ́ tán pátápátá láti bá hándù kò ní í lè yà dáadáa, èjìká rẹ̀ yóò sì máa ro ó kí ó tó dé ibi tó ń lọ.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń dúró

Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni à ń fi tẹ bíréèkì. Lórí bàsíkùlù, ọwọ́ ni à ń fi fún un. Lórí kẹ̀kẹ́ yìí, ṣe ni à ń jọ̀wọ́ nǹkan sílẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé àtàǹpàkò kúrò lórí tọ́rọ́tù, iná tó ń lọ sí mọ́tò yóò dínkù, mọ́tò yóò máa dín eré kẹ̀kẹ́ kù, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kí ó dúró pátápátá, bíréèkì onímágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára mọ́tò yóò dì í mú. Iná gan-an ni ó ń tú bíréèkì yìí. Bí iná bá lọ, ṣe ni ó ń dì. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ tí a pa sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í fi yí lọ, bí kò bá ṣe pé ẹnì kan fi í sí fíríì.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tí ẹ̀rù bá bà kì í tú nǹkan sílẹ̀, ńṣe ni ó máa ń dì mọ́ ọn. Ẹni tó rí ògiri níwájú rẹ̀ lójijì a fún hándù pọ̀ mọ́ tọ́rọ́tù, kẹ̀kẹ́ a sì tún yára sí i. Ó ti ro pé òun ń tẹ bíréèkì. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ ni èyí tilẹ̀ máa ń dà láàmú jù, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn á máa wá bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Òye nìkan kò lè wo èyí sàn; ọwọ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́, ó sì di dandan kí a kọ́ ọ léraléra.

Ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú, tí kò sí ènìyàn àti ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì eré dé ìdí àwòrán ìjàpá. Kí ẹnì kan bá yín lọ, kí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe dúró níwájú, kí ó má sì ṣe fọwọ́ kan hándù. Olùrànlọ́wọ́ tó bá gbá hándù mú nítorí pé ó fẹ́ ran yín lọ́wọ́ lè tẹ tọ́rọ́tù mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì gbé gbogbo ìka yín sókè kúrò lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dúró pátápátá. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má tíì yà sí ibì kankan. Nígbà tí èyí bá ti sú yín ni kí ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé kí ó máa pariwo “Dúró!” nígbà tí ẹ kò retí rẹ̀, nígbà mìíràn bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nígbà mìíràn bí ẹ ti ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìka yín bá gbéra kí ẹ tó ronú, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ páálí kan sílẹ̀, kí ẹ máa gbìyànjú láti dúró kí táyà iwájú tó kàn án. Ẹ ó rí i pé kẹ̀kẹ́ kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń yí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọwọ́, bí eré bá sì ṣe pọ̀ sí i ni yíyí náà ń gùn sí i. Ẹ fi bọ́tìnnì eré kún un díẹ̀, kí ẹ tún fi páálí náà dán an wò, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Yíyí kọ́kọ́rọ́ pa nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń lọ a máa dá a dúró gan-an, ṣùgbọ́n lójijì ni yóò dúró, ó sì lè taari ènìyàn síwájú. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún ìgbà tí tọ́rọ́tù bá há tí ẹ kò sì rí ọgbọ́n mìíràn dá.

Yíyà, àti fífi ẹ̀yìn rìn

Táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa tí táyà iwájú tọ̀. Bí ẹ bá ń yà, inú kọ̀rọ̀ ni ó máa ń gé gbà. Ẹni tó bá yà ní kété tí táyà iwájú rẹ̀ kọjá igun ògiri yóò gbọ́ bí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yóò ṣe họ ògiri náà. Ẹ lọ síwájú díẹ̀ sí i kí ẹ tó yí hándù, kí ẹ sì ti dín eré kù kí ẹ tó dé ibẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ ti ń yà lọ́wọ́. Bí ẹ bá wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi ara tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ibi tí ẹ ń yà sí.

Fífi ẹ̀yìn rìn ni ó máa ń fi àwọn ènìyàn sí ìnira jù lọ, nítorí pé wọ́n ń rántí ti iwájú. Ẹ dúró pátápátá ná. Ẹ wo ẹ̀yìn ní ìhà méjèèjì, kí ẹ má sì gbára lé dígí nìkan, nítorí pé dígí kì í fi ọmọdé tàbí ajá tó wà nílẹ̀ nítòsí hàn. Bí ẹ bá yí hándù sí ọ̀tún, ọ̀tún náà ni ìdí kẹ̀kẹ́ yóò gbà. Ẹ fi páálí tàbí ìgò oníke ṣe ẹnu ọ̀nà kékeré kan lórí ilẹ̀ gbalasa yín, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn gba ibẹ̀ kọjá títí yóò fi rọrùn. Ariwo tín-ín-tín tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń ṣe nígbà tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn wà fún àwọn mìíràn, kì í ṣe àṣẹ fún yín láti má wo ẹ̀yìn.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti etí títì

Ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá yóò sọ bí òkè tó lè gùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, dígírì ni wọ́n sì sábà fi ń kọ ọ́. Kí ọ̀rọ̀ dígírì má bàa dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan, ẹ fi èyí wọ̀n ọ́n: ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa fún kẹ̀kẹ́ arọ máa ń ga ní ìwọ̀n 1 lórí gígùn 12, èyí tí kò tó dígírì 5. Ìyẹn ni pé àtẹ̀gùn kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò nílò pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120. Bí ẹ bá rí pákó kúkúrú tí ẹnì kan sáré gbé sí ẹnu ọ̀nà pé kí ẹ gba orí rẹ̀, ẹ fi ojú wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà.

Iwájú tààrà ni à ń kọ sí òkè, kì í ṣe ìbú. Ẹ fi ara síwájú díẹ̀, kí ẹ tẹ tọ́rọ́tù lọ́nà kan náà láìdáwọ́ dúró, kí ẹ má sì yà títí ẹ ó fi dé ibi tó tẹ́jú. Ẹrù tí a so mọ́ ẹ̀yìn àga léwu gan-an níbí, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ sí, òun ló sì lè mú kí iwájú gbéra nílẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ iwájú tàbí lórí ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé ni kí ẹrù wà, kí ó má sì wúwo. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń gbé yín sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹ yí bọ́tìnnì eré sí ìjàpá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fara ti ẹ̀yìn àga, kí ẹ sì jẹ́ kí iná wà, nítorí pé mọ́tò tí iná wà lára rẹ̀ ni ó ń dín eré rẹ̀ kù. Bí ó bá di dandan kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tó tẹ̀ kọjá, ẹ fi ara sí ìhà òkè, kí ẹ sì rọra lọ. Koríko tútù, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe ibi ìdánwò.

Etí títì ni ó ń dojú kẹ̀kẹ́ dé jù. Ohun tó dára jù ni kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti rẹ etí títì náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó rìn síwájú sí i kí ẹ tó rí i. Bí kò bá sí, ẹ wo iye sẹ̀ǹtímítà tí ìwé kẹ̀kẹ́ yín gbà. Àwọn kékeré kì í lè gùn ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì yẹ kí ó gùn ún rárá. Ẹ dojú kọ ọ́ gan-an kí táyà iwájú, bí ó bá jẹ́ méjì, lè kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi ìbú gùn ún, táyà kan yóò gòkè, èkejì yóò wà nílẹ̀, gbogbo ara ènìyàn yóò sì rọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìlànà kan náà ni: tààrà, pẹ̀lú eré tó kéré jù, àti ẹsẹ̀ tó wà nínú kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu ènìyàn láti na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí ó lè fi ti ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo púpọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ yóò kán. Ní ti ojú irin rélùwéè àti àwọ̀n irin orí gọ́tà, ẹ dábùú wọn kọjá tààrà kí táyà má bàa há sínú ihò.

Nínú ilé, nínú ọjà, láàárín àwọn ènìyàn

Ìjàpá ni ibi tí bọ́tìnnì yẹ kí ó wà nígbàkigbà tí òrùlé bá wà lórí yín. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ wò ó bóyá ìhà tiyín ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ ó dúró sí kí ó má bàa gbá yín. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ bẹ ẹni tó ń kọjá pé kí ó bá yín di ilẹ̀kùn mú; ẹ kàn má ṣe fi iwájú kẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀kùn. Nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, ó rọrùn kí a fi iwájú wọlé kí a sì fi ẹ̀yìn jáde, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó wà lẹ́yìn yín pé ṣé wọ́n ti kúrò lọ́nà. Bí àyè bá wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè yí, ó dára jù bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn oníná tó ń yí fúnra rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá.

Ẹni tó jókòó kì í hàn sí ẹni tó dúró, pàápàá ẹni tí ojú rẹ̀ wà lórí fọ́ònù. Ẹ má retí pé wọn yóò yà fún yín. Ẹ pè wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti òkèèrè. Họ́ọ̀nù tí a tẹ̀ lẹ́yìn ẹni lójijì a máa mú un fò sí iwájú kẹ̀kẹ́ gan-an. Bí ẹ bá dúró ní ibi ìsanwó tàbí tí ẹ fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ, ẹ pa iná kẹ̀kẹ́. Ẹni tó tẹ ara síwájú láti mú nǹkan lè fi àyà tẹ tọ́rọ́tù, ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìtajà nìyẹn.

Sísọdá títì

Ẹ ti kúrú ju ọkọ̀ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ, nítorí náà awakọ̀ tó ń bọ̀ kò lè rí yín títí iwájú kẹ̀kẹ́ yóò fi yọ síta. Àárín ọkọ̀ méjì kọ́ ni ibi ìsọdá. Ẹ wá ibi tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀, ibi tí etí títì ti rẹlẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ẹ wo òdìkejì náà kí ẹ tó kúrò níhìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá dé ìhà kejì tó sì bá etí títì gíga níbẹ̀ yóò há sójú títì. Àsíá kékeré lórí ọ̀pá gíga, aṣọ aláwọ̀ títàn àti iná ní ìrọ̀lẹ́ ń ran ojú awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó wọ títì pẹ̀lú àwọn ọkọ̀, nítorí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, kẹ̀kẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àwọn ńlá sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Bátìrì

Bátìrì olójé méjì tí agbára iná ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 12, tí wọ́n so pọ̀ di 24, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́. Àwọn tuntun tó fúyẹ́ ń lo bátìrì lítíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú fọ́ònù. Ti òjé kò fẹ́ kí a lò ó tán pátápátá, kò sì fẹ́ kí a fi í sílẹ̀ láìṣájì. Ẹ ṣájì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ ìrìn kúkúrú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kún kí ẹ tó yọ ọ́. Wákàtí 8 sí 12 ni ó sábà máa ń gbà. Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ kún un kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì máa ṣájì rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bátìrì òjé tó bá jókòó ní òfìfo a máa bàjẹ́ láìsí ẹni tó lò ó.

Ṣájà tó bá kẹ̀kẹ́ wá nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe ṣájì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí a ń gbà jáde, nítorí pé bí iná bá sọ, ibẹ̀ ni gbogbo ilé yóò fẹ́ gbà sá. Ní ti lítíọ́ọ̀mù, ìgbà tí ẹ bá lajú sílẹ̀ ni kí ẹ ṣájì rẹ̀, bí ó bá sì wú, tí ó ń rùn tàbí tí ó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ jáwọ́ nínú lílò rẹ̀.

Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ ni kí ẹ wo ohun tó ń fi ìwọ̀n iná hàn. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró sinmi díẹ̀, agbára bátìrì a gbéra díẹ̀, ojú ìwọ̀n náà a sì fi hàn pé ó kù púpọ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀; ẹni tó gbà á gbọ́ tó wá kọjú sí òkè yóò rí i bí yóò ṣe wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye kìlómítà tí wọ́n kọ sára páálí kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ títẹ́jú, ojú ọjọ́ tó dára, bátìrì tuntun àti ẹni fífúyẹ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Òkè, òtútù, ẹrù, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré àti dídúró lemọ́lemọ́ ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ máa ṣírò ìrìn yín bí ẹni pé ìdajì iye náà ni ẹ ní fún àlọ àti àbọ̀, títí ẹ ó fi mọ ti yín gan-an.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Ẹ máa wo afẹ́fẹ́ táyà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí kì í bá ṣe irú èyí tó jẹ́ rọ́bà gidi. Ẹ fi ọ̀rá bo orí hándù bí òjò bá ń rọ̀, nítorí pé omi tó wọ ibi tọ́rọ́tù ni ó ń ba iná jẹ́. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, aṣọ tútù ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi tó ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà. Bí ẹ bá ń gbé e sínú ọkọ̀, ẹ bọ́ sórí àga ọkọ̀, kí wọ́n sì fi okùn di kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. A kì í jókòó lé e nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé a ṣe é fún bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí yóò gbé e wo èyí tó wúwo jù nínú àwọn apá tí a tú, nítorí pé òun ni yóò pinnu bóyá ó lè gbé e tàbí kò lè gbé e.

Jíjókòó pẹ́ a máa ṣe ìdí àti ẹ̀yìn níbi, pàápàá fún ẹni tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora. Ní gbogbo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dúró, ẹ pa iná, kí ẹ fi ọwọ́ ti ibi ìfàpálé méjèèjì kí ìdí yín gbéra díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà yín láàyè, ẹ pa kẹ̀kẹ́ tì sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ rin ìyókù; iṣan tí a kò lò yóò tètè rọ.

Bí kẹ̀kẹ́ bá kú lójú ọ̀nà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti fi í sí fíríì, nítorí pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kì í gbéra bí ó bá wà níbẹ̀. Ẹ wo àga bóyá ó wọlé, kí ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tún un yí. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè gígùn, ó ṣeé ṣe kí mọ́tò ti gbóná, kí súwíìṣì ààbò rẹ̀ sì ti já. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tutù, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì kékeré tó yọ síta lẹ́bàá bátìrì wọlé. Bí ó bá ń ró tàbí tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó sinmi, nítorí pé iye náà ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì pè é lórí fọ́ònù tí ẹ ti ṣájì kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹnì kan yóò bá tì í kúrò lójú títì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, kí ó fi í sí fíríì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó sì dá ọ̀pá náà padà kí ẹ tó tún jókòó.